Orí Kékeré Ralitsa

"Ralitsa olórí bíńtín bíi tẹyẹ, ṣé ẹ̀rọ yẹn á tiẹ̀ rí nǹkan yà nínú orí ẹ?"

Kaloyan, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀ bí gbogbo kíláàsì wọn ṣe jókòó ní ọsibítù kan nílùú Gabrovo. Ralitsa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Àwọn olùwádìí kan láti Sofia, olú ìlú wọn, ló fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ tó tóbi ló ń mú kí èèyàn gbọ́n. Wọ́n ti fún àwọn ọmọ náà ní ìdánwò làákàyè. Ó ku kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí wọn.

Nígbà tí Ralitsa jáde nínú ẹ̀rọ náà, ó bi ẹni tó ń ya àwòrán náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni tèmi ṣe rí?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó kàn kéré sí tàwọn tó kù ni."

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò tó wà ní Sofia ti ń wu Ralitsa tipẹ́. Ó máa ń rí ara rẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tí nọ́ńbà ń dùn mọ́ bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ìdánwò ìwọlé, ó dágbére fún ìyá rẹ̀, ó sì gba etí odò Yantra lọ. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí ìdánwò fi parí. "Kí ni mo fẹ́ fi ọpọlọ bíńtín bá wọn ṣe?" ló ń wí nínú ara rẹ̀.

Kò pẹ́ ni Dókítà Mineva, olórí àwọn olùwádìí, ránṣẹ́ pe òun àti ìyá rẹ̀.

"Ralitsa, nínú gbogbo yín, ìwọ ni máàkì ẹ ga jù nínú ìdánwò làákàyè."

"Ṣùgbọ́n ọpọlọ mi kéré, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tí a bá kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, àwọn tí ọpọlọ wọn tóbi máa ń fi díẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Díẹ̀ náà ni. Ìyẹn ò lè sọ ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó dá mi lójú pé o ti yege ìdánwò Sofia yẹn náà."

Ralitsa bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ náà kì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọjọ́ orí tí wọ́n fi sí i, Ralitsa á sì ti kọjá rẹ̀ kí ìdánwò míì tó dé. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Kaloyan, tó yege ìdánwò náà, ló wọ bọ́ọ̀sì Sofia. Ralitsa sìn ín dé ibùdókọ̀.

"Ìwọ ló yẹ kó máa lọ," Kaloyan sọ jẹ́jẹ́. "Ìwọ lo kọ́ mi ní ìṣirò."

Ralitsa juwọ́ sí i. Ó dúró títí bọ́ọ̀sì náà fi yà ní kọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ sì bá a lọ. Ó wá yé e pé orí kékeré kọ́ ló ti ilẹ̀kùn Sofia mọ́ òun. Ọwọ́ ara òun ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹnikẹ́ni tó bá wọn orí yín, ẹ jẹ́ kó wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ dé gbọ̀ngàn ìdánwò.