Agogo Tó Sọnù Lójú Omi Ìgbódò

Nígbà tí wọ́n já àpótí náà níwájú ìjọ Ìgbódò, agogo idẹ tí wọ́n ti ń retí kọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Háhá àgbàdo ló kún un dẹ́nu. Àwọn akọrin ti lanu, wọn ò mọ bí wọn yóò ṣe pa á dé.

Bàálù kékeré ló gbé agogo ọ̀hún wá sí pápá tí àwọn agégẹdú là nísàlẹ̀ Líkosí lọ́dún 1983. Àdìsá atukọ̀ ló fi ọkọ̀ ọpọ́n gbé àpótí àti èrò sọdá sí erékùṣù Ìgbódò, nítorí náà òun ni gbogbo ìka nà sí. Láti ìgbà tó ti jogún àjẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, abẹ́rẹ́ kò sọnù nínú ọkọ̀ rẹ̀ rí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹnìkan ò wọ ọkọ̀ náà mọ́. Baálẹ̀ ní bí agogo ò bá yọjú, kó gbé àjẹ̀ sílẹ̀ títí láé.

Láti Ṣàgámù ni wọ́n ti rán Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, Láídé, wá sí bèbè odò lẹ́bàá pápá bàálù náà, obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, tí ìdí rẹ̀ ń kún àga ọ́fíìsì dé apá méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ìjọba ti rán yẹ̀rì òun tán kí wọ́n tó rántí pé ìdí ń bẹ lẹ́yìn.

"Àdìsá, kí ló wà nínú àpótí?"

"Màmá, Lásúnkànmí tó ń ṣọ́ ilé ẹrù pápá bàálù ló sọ fún mi pé aṣọ àlùfáà ni. Èmi kì í yọjú wo ẹrù ẹlẹ́rù. Mo gbé e sí imú ọkọ̀, mo tu lọ. Mi ò ní panu mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

"Irọ́ ni, mà!" Lásúnkànmí bọ́ síwájú, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gún régé. "Agogo ni mo pè é fún un! Àwa méjèèjì la jọ gbé e, ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mi. Ojú mi báyìí ló ṣe gbé e sí imú ọkọ̀. Ojú omi ló ti jí i. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Láídé yíjú sí Ọmọ́yẹni ẹlẹ́ja, tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Imú ọkọ̀ ló wà títí a fi gúnlẹ̀," ni Ọmọ́yẹni wí. "Mo tilẹ̀ na ẹsẹ̀ lé e. Omi ò ta sí wa lára rárá."

Láídé ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó kọrí sí imú ọkọ̀.

"Háà! Ibẹ̀ kọ́, màmá!" Àdìsá ké. "Àárín ni tiyín!"

"Ṣé mo sanra jù ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o! Ẹrù tó bá fúyẹ́ la máa ń gbé síbẹ̀."

Láídé yíjú padà. "Lásúnkànmí, èmi àti agogo, ta ló wúwo jù?"

Lásúnkànmí wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Agogo ni, mà."

"O ṣeun, ọmọ dáadáa."

Ló bá fìdí lé imú ọkọ̀ gbì! Ìdí ọkọ̀ fò sókè, imú rẹ̀ rì, omi ya wọlé, Ìnsípẹ́kítọ̀ sì na gbalaja sínú ẹrẹ̀. Gbogbo wọn di ẹnu mú. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ rẹ́rìn-ín kẹ̀! Ìdí mi ti jẹ́rìí." Ó nu ẹrẹ̀ kúrò lójú. "Gbogbo ẹnu ló kò pé imú ọkọ̀ ni àpótí wà, Lásúnkànmí náà sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí agogo wúwo jù lọ, ọkọ̀ ò gbé mi kúrò ní bèbè. Bí agogo bá wà nínú àpótí yẹn ni, Ọmọ́yẹni ìbá ti di oúnjẹ ẹja tó ń tà. Háhá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀ yìí. Ta ló ṣọ́ ọ nílẹ̀? Ẹ̀yìn ta sì ni háhá àgbàdo fẹ́ kán?"

Lásúnkànmí dọ̀bálẹ̀. "Mà, iṣẹ́ èṣù ni."

"Èṣù kọ́ ló ni kọ́kọ́rọ́. Níbo ni agogo wà?"

Ẹ̀yìn àwọn táyà bàálù nínú ilé ẹrù ni wọ́n ti wọ́ agogo jáde, níbi tó gbé ń dúró de àwọn tó ń yọ́ idẹ.

"Àdìsá, máa lọ sílé. Ó tán," ni Láídé wí.

Àdìsá ò mira. "Kò tíì tán, màmá. Ìgbódò ni wọ́n ti pè mí lólè. Ibẹ̀ ni kí Lásúnkànmí ti lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Wọ́n bá a gbé agogo sáàárín ọkọ̀, ó mú Lásúnkànmí àti ọlọ́pàá kan jókòó tì í. Láídé gbẹ́sẹ̀ láti wọlé.

"Ọkọ̀ ti kún, màmá. Ẹ dúró kí n padà wá gbé yín."

Ẹnìkan kì í dá Láídé dúró ní Ṣàgámù. Ó fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ ń kán lára yẹ̀rì rẹ̀, ó gbọ́wọ́ síwájú orí, ó sì kan sárá sí Àdìsá bí ìgbà tí kọmíṣánnà ń kọjá. Àdìsá ò bojú wẹ̀yìn. Ó gbé àyà sókè, ó ń tu lọ geerege. Bí oòrùn ṣe ta sí idẹ náà lára, àwọn tó ti kọ ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ wá sí bèbè, wọ́n ń juwọ́ pé kó wá gbé àwọn.