Apá Òsì Aṣọ Ìyàwó

Èéfín rú túú lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Kí Abẹ́rẹ́ tó gbé e sókè, ẹ̀pa ò bóró mọ́: apá òsì aṣọ ìyàwó ti jóná. Sílíìkì funfun ni aṣọ náà, agogo méjìlá sì ni ìyàwó máa wá gbé e. Àǹtí rẹ̀, télọ̀ tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà ìsinmi, tó sì sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ nítorí bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ti jáde lọ ra bọ́tìnnì.

"Bí eléyìí bá yọrí dáadáa, ìwọ lo máa gé aṣọ tó kàn fúnra ẹ," ni Àǹtí ti sọ láàárọ̀. Ṣé àǹfààní yẹn á wá bọ́ báyìí?

Abẹ́rẹ́ rí aṣọ pọliẹ́sítà kan lórí pẹpẹ, ó fi wé sílíìkì. Funfun kan náà ni lójú iná yàrá. Olùkọ́ wọn nílé ìwé ti fi ẹ̀rọ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá hàn wọ́n pé fọ́nrán aṣọ méjèèjì kò rí bákan náà: onígun mẹ́ta ni ti sílíìkì, ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, róbótó ni ti pọliẹ́sítà, ó ń da ìmọ́lẹ̀ padà bíi gíláàsì. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ta ló máa gbé awò wá wo ìyàwó?" ló sọ fún ara rẹ̀. Ó tú apá tó jóná kúrò, ó gé pọliẹ́sítà náà, ó sì rán an síbẹ̀.

Àǹtí dé, ó rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ náà, lẹ́yìn náà ló gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé. Abẹ́rẹ́ ti gbàgbé pé aṣọ kankan kì í jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé Àǹtí yí i lójú oòrùn. Apá ọ̀tún ń dán jẹ́jẹ́. Apá òsì kọ mànà bí ọ̀rá.

"Ta ló rán apá yìí?"

Irọ́ ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì.

"Èmi ni, mà. Mo fi áyọ́ọ̀nù jó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Àǹtí fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ègé sílíìkì kan jáde. "Mi ò kì í da èyí tó bá ṣẹ́kù nù títí aláṣọ á fi wọ̀ ọ́. Ká ní o sọ fún mi nígbà tí mo wọlé ni, à bá ti gé òmíì. Wo aago."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo méjìlá lù.

"Ẹ jẹ́ kí n tú u, mà."

"Wàá tú u. Ìwọ náà lo sì máa sọ fún ìyàwó ìdí tó fi máa dúró. Aṣọ tó kàn yẹn, gbàgbé ẹ̀ ná."

Ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ ló lọ ṣí i fún ìyàwó.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Abẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ tó wákàtí méjì. Aṣọ tó jó ṣì ní àtúnṣe. Bíbò tó bò ó mọ́lẹ̀ ló gba àǹfààní lọ́wọ́ rẹ̀.