Èèwọ̀ Fádùnní

Bámgbóyè wà láyé nígbà náà, Ifáyẹmí onífá, bàbá Fádùnní, náà sì wà. Ọ̀nà Òkè-Ìlá ṣì rí gbágungbàgun nígbà tí Oyèwọlé tíṣà, ọmọ Bámgbóyè, gbé ẹ̀wù akọrin wá sọ́dọ̀ Fádùnní aránṣọ, kó bá òun dín in kù.

"Bọ̀ọ̀dá, èèyàn mélòó ló fẹ́ wọ ẹ̀wù yìí?"

"Èmi nìkan ni. Àmọ́ tó o bá fẹ́, àyè tìẹ ń bẹ níbẹ̀."

Fádùnní rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Oyèwọlé ti ń pè é ní "Àdùnní mi".

Àmọ́ alàgbà ìjọ ni Bámgbóyè. "Ọmọ onífá? Èèwọ̀!" Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́, ó ránṣẹ́ pe Fádùnní.

"Ó dáa, mo gbà," Bámgbóyè ní. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, o ò gbọdọ̀ tẹ ilé bàbá ẹ mọ́."

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Fádùnní wà. Ọkàn rẹ̀ fà sí Oyèwọlé bí i kó kú.

"Ẹ má bínú, sà. Ohun tẹ́ ẹ pè léèwọ̀ lánàá, òun náà lẹ gbà lónìí. Èèwọ̀ kì í gba ìpààrọ̀. Wọn ì báà fi oyin lọ èèyàn, wọn ì báà fi ikú dẹ́rù bà á, rárá náà ni. Bàbá mi nìkan ló tọ́ mi dàgbà. Kí n kọ̀ ọ́ sílẹ̀, èèwọ̀ tèmi nìyẹn."

Ó dìde. Orí ọ̀kadà ló ti sunkún délé.

Ọdún méjì kọjá, Oyèwọlé kò fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá Ifáyẹmí wó, òun ló ń wá wẹ̀ fún un láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé.

Àwọn ará ìjọ fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Alàgbà, ọmọ yín mà ti di ìwọ̀fà onífá!"

Inú bí Bámgbóyè, ó gun ọ̀kadà, ó ní òun ń lọ wọ́ ọmọ òun wálé. Ó bá Oyèwọlé níbi tó ti ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹ̀yìn àgbà náà, Fádùnní sì gbé orí bàbá rẹ̀ lé àyà.

"Bàbá Oyèwọlé," Ifáyẹmí ní, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, "ẹ wá mú ọmọ yín lọ ni?"

Bámgbóyè ṣí fìlà. Ó lóṣòó lẹ́bàá ẹní.

"Rárá o, Bàbá. Ọmọ yín ni mo wá tọrọ."

"Ilé mi tẹ́ ẹ ní kó má tẹ̀ mọ́ ńkọ́?"

"Kò ní jìnnà sí i. Mo ṣì í sọ ni."

Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n so wọ́n pọ̀. Láti ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti ẹ̀wù funfun lọ́rùn, Fádùnní lọ kúnlẹ̀ gba ìwúre lẹ́bàá ẹní bàbá rẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù tó lágbára ni bàbá gbé lé e lórí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni Ifáyẹmí kú mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.