Kóró Páìnì Tó Ń Léfòó

“Kí yìnyín ọdún yìí tó bọ́ sórí òkè Kozak, ilé tí a ó ti máa sin agbọ́n yóò ti dúró lórí ilẹ̀ yìí. Àwọn agbọ́n náà ni yóò jẹ ẹyin kòkòrò tó ń ba kóró páìnì yín jẹ́. Mo ṣèlérí.”

Ọ̀gá àgbà kan láti Ankara, olú ìlú orílẹ̀-èdè wọn, ló sọ ọ́, níwájú ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Àwọn ará abúlé pàtẹ́wọ́ fún un. Ó jẹun, ó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Kò fi kòkòrò náà han ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, Zekiye, ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kángun sí igbó, kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, ó da ìyókù kóró ọdún tó kọjá sínú agbada omi. Èso páìnì le, ó tò ní ìpẹ́ bí ẹja, abẹ́ ìpẹ́ náà ni kóró máa ń wà. Àwọn obìnrin Kozak kì í jiyàn lórí rẹ̀: èyí tó bá rì, oúnjẹ ni, èyí tó bá léfòó, iná ni. Láyé ìyá Zekiye, èyí tó ń léfòó kì í kún ọwọ́. Lọ́jọ́ yìí, kóró bo ojú omi pátápátá.

“Baálé mi, ẹ wá wo nǹkan.”

Durmuş, ọkọ rẹ̀, kò dìde. “Kí ni n ó wò? Dáná sí i. Eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ló pa wọ́n. Lọ́jọ́bọ̀, oní-pákó á mú ìwé wá, màá fọwọ́ sí i, wọn á gé ogóje igi náà, gbogbo wa á sì sinmi.”

“Igi tí bàbá yín gbìn?”

“Oúnjẹ ni bàbá mi gbìn. Kò gbin òfìfo.”

Igi ogóje náà ló bí ilé tí wọ́n ń gbé, òun ló sì tọ́ àwọn ọmọ wọn.

Ümran, ọmọ àbúrò Durmuş, wà níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nípa igbó ní yunifásítì ni, kò sì tíì ríṣẹ́. Oúnjẹ ló wá jẹ. Ó ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Zekiye mú bébà, tó rọra gbá kòkòrò aláwọ̀ ilẹ̀ mẹ́fà kúrò lójú fèrèsé, tó sì dà wọ́n sórí ẹ̀ka páìnì tó wà níta.

“Màmá! Kí lẹ ṣe yẹn?”

“Mo sin àlejò jáde ni. Bí otútù bá ti ń bọ̀, inú ilé ni wọ́n máa ń sá sí. Bí o bá sì tẹ ọ̀kan pa, òórùn rẹ̀ ò ní jẹ́ kí o sùn. Gbogbo wa la máa ń dà á síta bẹ́ẹ̀.”

“Orí igi lẹ dá a padà sí.”

“Àbí inú ọbẹ̀ tí ò ń jẹ yẹn ni kí n dà á sí?”

Ümran kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ife gíláàsì dé ọ̀kan tó ṣẹ́kù mọ́lẹ̀, ó yí i padà, ó sì nàka sí ohun kan tó tẹ́ sábẹ́ ikùn rẹ̀ bí abẹ́rẹ́.

“Ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Òkè òkun ló ti bá ẹrù wá. Ó máa ń gún èso láti ìta, ó máa ń tutọ́ sínú kóró kí ó lè yọ́, á wá fà á mu. Ẹ ò ní rí ojú ihò.”

“Ọmọ ìwé!” ni Durmuş wí. “Kòkòrò tí kò ju èékánná lọ ló jẹ igbó tán?”

“Bàbá, ẹ fọ́ kóró kan wò.”

Durmuş fi òkúta fọ́ ọ. Èèpo rẹ̀ le koko, kò ní àbùkù kankan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti hun jọ, ó sì gbẹ.

“Eruku tó wọ ibẹ̀ dà, bàbá?”

Ó fọ́ òmíràn, ó tún fọ́ òmíràn. Nígbà tó fọ́ ìkẹwàá, ó gbé òkúta náà sílẹ̀.

“Ó dáa, kòkòrò ni. Ká ṣáà gé e.”

“Ọdún mẹ́ta ni èso kan fi ń gbó. Tọdún yìí, tàmọ́dún, àti èyí tó tẹ̀lé e, gbogbo wọn ló wà lórí ẹ̀ka báyìí. Bí ẹ bá gé igi lọ́jọ́bọ̀, ìkórè mẹ́ta lẹ gé. Ẹ ó sì dúró fún ogún ọdún kí igi mìíràn tó so.”

“Oògùn inú ike tí wọ́n ń tà lọ́jà ńkọ́?”

“Èyí tí kò ní orúkọ lára? Á pa oyin, á pa ọ̀rẹ́ igi pẹ̀lú ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má rà á.”

Zekiye ń ka iye ọdún tó ti fi ń gbé àwọn kòkòrò náà padà sórí igi. “Ta ló yẹ kó ti sọ fún wa?”

“Ẹni tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀.”

Zekiye po ọṣẹ mọ́ omi nínú abọ́, ó sì gbá gbogbo àlejò ojú fèrèsé sínú rẹ̀. Durmuş pe oní-pákó lórí fóònù pé kó má wá mọ́. Ọkùnrin náà bínú. Durmuş ní kó lọ bínú lórí igi ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní igi páìnì, ẹ má ta igi nítorí kóró òfìfo. Ẹ fọ́ kóró náà wò ná. Kòkòrò olóòórùn tó bá wọlé nígbà otútù, inú omi ọṣẹ ni kí ẹ dà á sí, ẹ má ṣe dá a padà síta láàyè. Ẹ má fi èso tó ti gbó sílẹ̀ lórí ẹ̀ka lẹ́yìn ìkórè. Ẹ má ra oògùn tí kò ní orúkọ. Bí ẹ bá rí kòkòrò yìí, ẹ fi tó ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn létí, kí ẹ sì gba ìwé tó fi hàn pé ẹ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n omi ọṣẹ ilé kan kò lè gba odindi igbó là. Agbọ́n tó ń jẹ ẹyin kòkòrò náà ṣì pọn dandan.

Yìnyín ti bọ́ sórí òkè Kozak lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ọjọ́ ìlérí náà. Wọn kò kọ́ ilé kankan.