Ẹni Tí Fàòsíyà Pè Jí

Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kí ènìyàn kan ṣoṣo wà nínú ilé, kó tún wà níta, kó máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé? Ẹ má tíì dáhùn. Àlọ́ kọ́ ni mo ń pa. Ìlọra níbí ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan, ojú tó rí i ò tíì fọ́.

Beatrice Olúbọ̀dé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló sọ ilé ara rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà tí iyè wọn ti ra. Mẹ́ta péré ni wọ́n. Fàòsíyà, opó ará Ìmíní, ló ń wẹ̀ fún wọn, òun ló ń bọ́ wọn. Ọjọ́ tí ọmọ bá mú òbí rẹ̀ wá, wọn á ní kó kọ oríkì òbí náà sínú ìwé, wọn á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì. Àgbà lè gbàgbé ọmọ, kó gbàgbé ọkọ. Bí ẹ bá ti pe oríkì rẹ̀, á la ẹnu gba ẹ̀kọ.

Àfi Màmá Ojúọlá; orúkọ tirẹ̀ gan-an ni Ojúọlá. "Àṣàkẹ́" ló wà lókè bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Bí Fàòsíyà bá ti pè é, ìyá á bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀. Fàòsíyà á rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ̀yin mà ni!"

"Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé," ìyá á wí. Èyí ló ń sọ láàárọ̀, òun ló ń sọ lálẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyá ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú yí. Èémí dá. Fàòsíyà gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pè é bí a ṣe ń pe ẹni tó dákú.

"Àṣàkẹ́ o! Àṣàkẹ́, padà! Àṣàkẹ́!"

Ẹyẹ tó ń ké lórí igi ọsàn dákẹ́.

"Hùn-ún," ìyá dáhùn.

Ó dìde. Kò di ògiri mú. Ó wọ kíṣìnnì lọ tààrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́.

"Halelúyà!" Beatrice pariwo, ló bá sáré lọ tẹ ọmọ ìyá láago.

Ìgbà náà ni Fàòsíyà gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Ohùn tó mọ̀ bí ẹni mowó.

"Ẹ jẹ́ n wọlé."

Ó yọjú. Oòrùn. Iyẹ̀pẹ̀. Igi ọsàn. Kò séèyàn.

Bàbá Àbọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mẹ́ta náà, tí kò sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta, na ìka sábẹ́ igi. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún Ojúọlá. Oòrùn ń pa á."

"Bàbá, Màmá Ojúọlá wà ní kíṣìnnì."

"Ìyẹn kọ́."

Fàòsíyà ṣílẹ̀kùn gbayawu. Ohunkóhun ò wọlé.

"Ẹnìkan ti jókòó sáyè rẹ̀," bàbá ní. "Ẹ pè é."

"Àṣàkẹ́!" Fàòsíyà ké sábẹ́ igi.

"Hùn-ún," kíṣìnnì dáhùn. "Abọ́ ni mò ń fọ̀."

Motún, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá bí, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀yọ́. Aago mẹ́rin ti lù kó tó dé. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Mọ́mì mi!"

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ta lọmọ yìí? Èmi ò bímọ rí."

Motún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ohùn fi wá láti ìta.

"Motún, jẹ́ n wọlé."

Ó gbá Fàòsíyà láṣọ mú. "Kí lẹ fi ìyá mi ṣe?"

"Fàòsíyà, ta lo pè?" Beatrice náà jágbe.

"Ohun tó wà lára ògiri ni mo pè o, ẹ̀yin náà lẹ kà á fún mi!"

Ohùn náà ti kúrò lábẹ́ igi. Ó ti dé géètì. Fàòsíyà wólẹ̀ síwájú Motún.

"Àǹtí, ẹ fún mi ní oríkì ìyá yín, tó jẹ́ tiwọn gan-an! Ẹ jẹ́ n pè wọ́n kí wọ́n tó jìnnà."

Motún mi orí.

"Ẹ pe àwọn ẹbí wọn láago nígbà náà!"

"Wọ́n ti kú tán. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́."

"Jẹ́ n wọlé o." Ọ̀nà Fídítì ni ohùn náà ti wá báyìí, tínrín, bí ohùn ẹ̀fọn.

Obìnrin inú kíṣìnnì jáde. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tí òun náà fẹ́ gbọ́.

"Ta wá ló kọ Àṣàkẹ́ sínú ìwé?" Beatrice bèèrè.

"Mò ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Orúkọ tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni wọ́n kọ."

"Ta ni 'wọ́n'?"

"Èmi ni. Èmi Motún."