Ọwọ́ Òsì Kratesi

Ọjọ́ tí Lelio kọ́kọ́ wọ ilé ìtẹ̀wé bàbá mi ní Róòmù, kò kí ẹnikẹ́ni. Bàtà rẹ̀ ti lanu, imú rẹ̀ wà lókè. Ó gbé àwo bàbà pẹlẹbẹ kan tí ó ti fín àwòrán sí kalẹ̀ fún títẹ̀, ó ní ká má fi ọwọ́ dídọ̀tí wa bà á jẹ́.

Mo pòṣé. Síbẹ̀ ọkàn mi fà sí i, òmùgọ̀ ọkàn.

Donna Flaminia, ìyá ọlọ́lá kan, ló gbé iṣẹ́ náà fún un nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Kratesi, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ni Lelio fín sára bàbà. Nínú àwòrán náà, Kratesi kó aṣọ àti àpò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Hipakia, ọmọ olówó, bí ẹni ń wí pé, "Ọkọ rèé, gbogbo ohun tó ní rèé." Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i láti fi fẹ́ ẹ.

"Ọ̀gá Lelio," mo ní, "ṣé ẹ ti wò ó nínú dígí? Ọ̀tún ara bàbà, òsì ni lórí ìwé o."

"Ta ló bi ọ́? Máa nu tàdáwà ẹ!"

A tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì ni Kratesi nà sí ìyàwó!

"Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́!" Lelio figbe ta.

Bàbá mi wò ó tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. "Ṣé ẹ̀rọ ló bá ọ fín in ni?"

Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin. Lelio jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, àánú sì ṣe mí. Èmi ni mo ha apá Kratesi méjèèjì kúrò, mo fi òòlù lu ẹ̀yìn bàbà títí ojú rẹ̀ fi tẹ́jú. Èmi náà ni mo tún wọn fín ní òdì, nítorí Lelio ò tíì dẹ́kun ẹkún.

Lọ́jọ́ kẹta, ó rọra dì mí lọ́wọ́ mú. "Ortensia, olólùfẹ́ mi, fẹ́ mi. Láìsí ẹ, mo gbé."

"Sọ fún Donna Flaminia pé èmi ni mo tún un ṣe. Tó o bá ti sọ ọ́, mo di ìyàwó ẹ."

Ó búra. Bàbá mi kàn mi orí.

Nígbà tí a tún un tẹ̀ tán, a jọ gbé àwọn àwòrán náà lọ sílé ìyá ọlọ́lá náà. Donna Flaminia fi ìka tọ apá Kratesi. "Áà, apá yìí mà dára o! Ta wá nìyí lẹ́yìn ẹ?"

Lelio tẹrí ba títí irun rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. "Ọmọ tó ń bá mi ru ẹrù ni, ìyá ọlọ́lá."

Ó sáré bá mi lórí àtẹ̀gùn. "Olólùfẹ́ mi, má bínú. Àbí o ò nífẹ̀ẹ́ mi mọ́ ni?"

Omijé ń bọ́ lójú mi. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Lelio. Ọkọ ni mi ò rí."