Àpótí Pàjáwìrì Tí Kò Ní Oògùn

Orí fífọ́ ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, lẹ́búlẹ́bú igi ń bọ́ lára rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lóògùn orí nínú àpótí yẹn."

"Kò sí."

"Àpótí tó tóbi tó báyìí?"

Mo ṣí i fún un: báńdéèjì, òwú, pílásítà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, sísọ́ọ̀sì. Èmi ni mò ń kọ ìwé àwọn oníbàárà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àga yìí, èmi náà ni wọ́n sì rán lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé oògùn gbígbé mì kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí, torí ara ò dọ́gba. Ohun tó wo Lágbájá sàn lè dá Tàmẹ̀dò dùbúlẹ̀. Mo fún un lómi, mo ní kó jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wà.

Ó mu omi náà tán. "Ahun ni yín o," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi.

Kafíńtà tuntun ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá mu omi lọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tirẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, "Ahun" ti di "Ahun mi". Ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ dídún ayùn, mo máa ń mọ̀ bóyá òun ló dì í mú.

Ìyá rẹ̀ ni wàhálà. Màmá ló ń rán aṣọ tìmùtìmù àwọn àga wa, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló sì ń kó wọn wá. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó béèrè oògùn ara ríro lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kò sí. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé èyí lo fẹ́ gbé wálé?" ló bi ọmọ rẹ̀. "Ẹni tí ò lè fún ìyá ọkọ lóògùn, ṣé yóò fún un lóúnjẹ? Èmi ò fọwọ́ sí i o."

Kafíńtà bẹ̀ ẹ́ títí, etí ikún ló kọ sí i. Òun nìkan ni Màmá bí, ó sì ti sọ fún mi tipẹ́ pé òun ò lè gbéyàwó tí ìyá òun kò fẹ́. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo lọ sunkún nínú yàrá tí a ń kó pákó sí, mo nu ojú, mo padà sídìí ìwé mi.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mìíràn dé, Kafíńtà ti ń rẹ́rìn-ín sínú láti àárọ̀. Màmá gbé ẹrù kalẹ̀, ó di ẹ̀yìn mú.

"Ọmọ mi ní kí n tún ẹ dán wò. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ṣí àpótí ẹ."

Mo ṣí i. Sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn kan wà lórí báńdéèjì, orúkọ ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán. Mo gbójú sókè, Kafíńtà ṣẹ́jú sí mi. Òun ló fi í síbẹ̀, kí n lè fún ìyá rẹ̀, kí ìjà parí.

Gbogbo ayùn dákẹ́. Hóró méjì péré ló máa gbé mi wọlé ọkọ.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò ní fún yín."

"Ẹ wá wò ó!" Màmá kígbe. "Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún fi dù mí!"

"Mi ò mọ ohun tó jẹ́, Màmá. Ṣé oògùn kan wà tí ara yín kì í gbà?"

Ó ti ń lọ, ó dúró. "Ó wà. Nígbà tí mo bí eléyìí, wọ́n fún mi ní kinní kan, ojú mi wú, mi ò lè mí mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò nílé ìwòsàn. Orúkọ ẹ̀ wà nínú káàdì mi."

Káàdì náà wà nínú báàgì rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, a jọ sọdá títì lọ sí ilé oògùn, Kafíńtà tẹ̀ lé wa. Apoògùn yẹ sáṣẹ́ẹ̀tì náà wò síwá sẹ́yìn, ó wo àmì ara hóró, ó wo káàdì.

"Ta ló fẹ́ lo èyí? Kì í ṣe Màmá yìí o! Oògùn yìí gan-an ni wọ́n kọ síbí pé ara wọn kì í gbà."

Orúnkún Kafíńtà kanlẹ̀. "Màmá mi, èmi ni. Ó ti pẹ́ nínú àpò irinṣẹ́ mi. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni. Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Dìde," mo ní. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. "Ìgbà míì, béèrè kóo tó ṣoore."

Màmá di ọwọ́ mi mú. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ká ní o fún mi ni, ǹ bá ti gbà ẹ́ wọlé lónìí. O sì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, Màmá."

Ó fà mí padà sí ilé iṣẹ́, ó dúró sáàárín àwọn àga tí a kò tíì fi aṣọ bò.

"Ẹ gbọ́ o! Ibi tí mo ti bú u ni màá ti tún un ṣe. Mo ṣì í mú. Ìyàwó ọmọ mi nìyí!"

Àwọn kafíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù lu tábìlì, ariwo náà gba gbogbo ilé. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, ayọ̀ kún inú mi.

"Ọjọ́ wo làwọn òbí ẹ máa ń wà nílé?" Màmá bi mí. "Èmi fúnra mi ni màá lọ tọrọ ẹ lọ́wọ́ wọn."

"Ọjọ́ Àìkú, Màmá."

"Ó dáa." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, tó ṣì ń nu ojú. "Ìwọ náà lè tẹ̀ lé mi, bóo bá ráyè."